Ìyá Mi Ń Kí Wọn ní Kọ́mpílẹ́ẹ̀sì

Ọjọ́ tí ejẹ́ńtì mú mi lọ wo fúláàtì náà, ọ̀rọ̀ ọjà ló fi yí mi lọ́kàn padà. "Mà, ẹ ò ní í wọ ọ̀kadà torí iyọ̀ mọ́. Ẹ ò ní í lọ Ìkàrẹ́ torí ata. Bí ẹ bá ti yọ ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì báyìí, inú ọjà lẹ wà." Ó ń nawọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé òun ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. N ò ní í purọ́ mọ́ ọn, òótọ́ ló sọ. Kọ́mpílẹ́ẹ̀sì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí ẹ̀bá títì tó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Àkùngbá, ilé alájà tó gùn gbọọrọ, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olówó wá ń ra ilẹ̀ yí i ká, tí wọ́n ń kọ́ fúláàtì fún àwọn ayálégbé, títí ilé fi dé ìdí àpáta. Àdúgbò náà kò tilẹ̀ ní orúkọ mìíràn. Bí èèyàn bá wọ ọ̀kadà, "Kọ́mpílẹ́ẹ̀sì" ni yóò wí, ọlọ́kadà á sì mọ ibi tó ń lọ.

Tíṣà ni mí. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan n'Ìkàrẹ́, mo sì kó kúrò nínú ilé ẹbí ọkọ mi ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Kò sẹ́ni tó lé mi o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ilé yẹn kàn ti kún jù fún mi ni: àna lọ́tùn-ún, àna lósì, gbogbo wọn ń ṣàánú mi, gbogbo wọn ń wo àwo mi bóyá mo jẹun tán. Mo ní kí n lọ síbi tí màá ti sinmi. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, ọ̀kan wà l'Àbújá, ìkejì wà lókè òkun, orí fóònù la ti ń ríra. Mo ní kí n kúkú dá gbé, kò sóhun tó máa ṣe mí. Ẹ gbà mí o, ta ló rán mi nírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìsinmi tí mo ń wá, mo rí i, ó sì pọ̀ jù. Géètì wa ga ju èèyàn lọ. Ilé mẹ́rin la wà nínú ọgbà kan, omi kan náà la jọ ń fà, síbẹ̀ ìró bàtà ni mo fi ń mọ̀ pé ẹnìkan ń gbé lókè orí mi. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ń gbé lójúkojú mi. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á mi orí bí alángbá, á wọ mọ́tò rẹ̀, ó dìgbà kan ná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Àkùngbá láti ẹ̀yìn ilé wa, orin ni wọ́n kì bọ etí, wọ́n á kàn máa jó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tó yá, inú bí mi, mo ní n ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ló jìyà rẹ̀? Èmi náà ni. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo bọ́ aṣọ, tí mo jẹ ìrẹsì mi tán, ilé á pa lọ́lọ́. Màá dìde, màá ní mò ń lọ ra máàgì, kì í sì í ṣe pé máàgì tán nílé. Mò ń lọ gbọ́ ohùn èèyàn ni. Màá rìn gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù lọ: onísìmẹ́ǹtì, ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín, télọ̀, oníkẹ́mísìtì, títí dé òkè níbi tí wọ́n ti ń ṣe irun. Wọ́n á ní, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà?" Bí mo bá ní mo kàn ń nasẹ̀ ni, ojú wọn á kúrò lára mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Torí náà mò ń rà. Máàgì kún inú kọ́bọ́ọ̀dù mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. N ò ní í bò ó, ìdánìkanwà ni. Ìgbà míì wà tí mo ń sunkún lórí àwo ìrẹsì, tí n ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí gan-an.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí ìyá mi ṣubú. Ìlú wa kékeré ni, ẹ̀yìn Ìpè lọ́hùn-ún ló wà, a sì ní èdè tiwa tí ará Ìkàrẹ́ kò gbọ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ló ti ń dá gbé, ó ń roko díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan, gbogbo àdúgbò ti lọ sóko, ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, ó sì wà nílẹ̀ títí àwọn èèyàn fi padà dé. Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n ó di ẹni tó ń tẹ̀pá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Èkó. Ó ní, "Mámà ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni àbí ọ̀dọ̀ mi?" Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ní ọ̀dọ̀ mi ni. Ó yìn mí, ó ní ọmọ dáadáa ni mí. Kò mọ̀ pé èmi ni mo nílò ìyá, ju bí ìyá ṣe nílò mi lọ.

Ìyá mi fàáké kọ́rí. A bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Ó dáa, n ó wá wò ó. N ó bá ọ jókòó di ìgbà iṣu tuntun. Bí ibẹ̀ bá gbà mí, n ó dúró tì ọ́. Bí kò bá gbà mí, ẹ ó dá mi padà sílé mi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá mi jiyàn." Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi: Olúwa, jẹ́ kí ibí yìí gba ìyá mi, má jẹ́ kó tún ku èmi nìkan.

Ó dé lẹ́yìn Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ń lọ sí ilé-ìwé, màá fi í sílẹ̀ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé onírin. Bí mo bá dé, orí àga yẹn náà ni màá bá a.

"Mámà, ta lẹ rí lónìí?"

"Ewúrẹ́ kan."

Ó ń bú mi nìyẹn. Ó bi mí pé níbo làwọn èèyàn wà. Mo ní wọ́n lọ síbi iṣẹ́. "Gbogbo wọn?" ló wí. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó pòṣé, ó yí ojú sí ọ̀nà àpáta. Mo dáná ọbẹ̀ tó fẹ́ràn, mo ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, kò sí èyí tó wò níbẹ̀. Èdè Yorùbá tó gbọ́ ò sì tó nǹkan, torí náà ariwo lásán ni àwọn inú tẹlifíṣọ̀n ń pa létí rẹ̀.

Àfi ọjọ́ kan tí mo dé tí n ò bá a. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sá jáde, n ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ibi tí mo ti rí i ni ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́mpílẹ́ẹ̀sì, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó gbé búrẹ́dì kan lé itan.

"Mámà! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ó ní, "Mo wá kí wọn ni."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ìkíni jẹ́ nílùú wa, torí àwọn ará ibòmíràn rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbàlagbà bá jí, á lọ yẹ ojúlé àwọn èèyàn wò. Kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Á kí ẹni tó wà nínú ilé, ẹni náà á dáhùn. Á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ara, á béèrè oko, wọ́n á sì máa dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn náà á wá béèrè tirẹ̀. Bí wọn ò bá tíì dáhùn tán, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ìwọ̀sí ló jẹ́ fún onílé. Á dúró ni, bí ẹni náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á fọwọ́ lérí ọ̀pá, á máa retí. Bí nǹkan bá wà nílé, ẹ̀pà ni o, iṣu sísun ni o, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́ kó tó lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi nìyẹn, bí ó ṣe tọ́ wa náà nìyẹn, àfi pé àwa ti jù ú nù sójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ tí kì í jáde. Mo ti máa ń wà ní ilé-ìwé, tàbí nídìí aṣọ fífọ̀ ní Sátidé, nígbà tó bá jáde, torí náà n ò rí bó ṣe ń kí wọn. Ohun tó ń mú bọ̀ ni mò ń rí. Oníbúrẹ́dì fún un ní búrẹ́dì àná. Ẹlẹ́ja gé orí ẹja fún un. Aláta bu tòmátì tó ti ń rọ̀ sínú ọ̀rá fún un. Nígbà tí nǹkan náà pọ̀, ó wá àpò kan, ó ń gbé e kọ́ èjìká lọ. Bí mo bá dé, á ti tò wọ́n sórí tábìlì, á ní kí n wá wò ó.

"Àwọn èèyàn yìí dáa o," ló máa ń wí. "Wọn ò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n lawọ́."

Ẹnu yà mí. Èmi tí mo ti ra máàgì títí, tí ẹnikẹ́ni ò fún mi ní àlùbọ́sà kan ṣoṣo ṣe èènì! Mo tilẹ̀ jowú díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. A ó fi orí ẹja náà se ọbẹ̀, ìyá mi á sì máa ròyìn fún mi: ìyàwó télọ̀ lóyún, kò ní í pẹ́ bí, eyín ń dun onísìmẹ́ǹtì, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, oníkẹ́mísìtì kì í rẹ́rìn-ín, ó jọ pé nǹkan wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, ojú ló fi rí i. N ò mọ̀ pé ojú nìkan ni, mo rò pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ní ilé-ìwé, bí agogo bá ti lù báyìí, mo ti ń sáré wá ọ̀kadà. Àwọn tíṣà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bóyá mo ti fẹ́ ọkọ.

Ìgbà tí òjò rọ̀ dáadáa, tí ìgbà iṣu tuntun ń sún mọ́lé, ó ní òun á ránṣẹ́ sílé kí wọ́n wa iṣu òun wá. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, iṣu kọ̀ọ̀kan, ó ní òun náà fẹ́ fún wọn ní nǹkan. Ó wá wò mí, ó ní, "Ibí yìí lè gbà mí o." Mo sáré wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti ń nu ojú.

Nǹkan kan tún wà. Àwọn èèyàn kọ́mpílẹ́ẹ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ mi, ẹnìkan á sọ nǹkan sí ẹnìkejì létí. Èmi aláìmọ̀kan, mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn! Mo ní ìyá mi ti sọ mí di èèyàn níbí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni oníkẹ́mísìtì ké sí mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́. Ó fà mí sẹ́yìn káńtà, ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Màmá tí wọ́n ń tẹ̀pá yẹn, ṣé ìyá yín gan-an ni?"

"Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni. Kí ló dé?"

"Wọ́n ní tíṣà ni yín, ó wá ń yà wá lẹ́nu ni. Ṣé ẹ kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó jáde?"

Mo ní, "Báwo?" N ò tíì mọ ibi tó ń lọ.

"Torí bí wọ́n ṣe ń tọrọ bárà kiri láràárọ̀ yìí, kò dáa lójú. Ẹlẹ́ja ní bí òun ò bá tíì fún wọn ní nǹkan, wọn ò ní í kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun."

Bárà! Ìyá mi! Obìnrin tí oko rẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo kọ́mpílẹ́ẹ̀sì yẹn lọ, tó fi iṣu rán ọmọ méjì ní ilé-ìwé gíga! N ò rántí bí mo ṣe jáde níbẹ̀. Iwájú ẹlẹ́ja ni mo ti bá ara mi.

"Ta lo pè ní alágbe?"

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò jọ ẹni tí ẹ̀rù bà. "Àǹtí, ẹ má pariwo mọ́ mi. Ìyá arúgbó dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀pá lọ́wọ́, àpò léjìká, n ò tíì ta ọjà àárọ̀ kankan. Wọ́n sọ èdè kan tí n ò gbọ́, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Wọn ò lọ. Mò ń gé ẹja, wọ́n ń wò mí. Oníbàárà fẹ́ wọlé, wọ́n dí ọ̀nà. Kí lẹ fẹ́ kí n rò?"

"Ó ń retí kí o dá a lóhùn ni!"

"Mo ṣáà ní ẹ káàárọ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn!"

"Kí wá ni ìdáhùn, Àǹtí?"

Mo sọ ọ́. Mo dúró sójú ọ̀nà níbẹ̀, mo ń ka ìkíni ìlú wa fún wọn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì: ẹ ó ní ilé wà, ẹ ó ní ọmọ wà, ẹ ó ní ara le, ẹ ó ní ọjà ń lọ, ẹ ó wá béèrè tirẹ̀. Télọ̀ ti jáde síta, ó ní, "Gbogbo èyí? Láàárọ̀ kùtù hàì?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí i, mo fún un ní èyí tó tọ́ sí i, n ò ní í tún un sọ níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo rí i pé ojú ti tì wọ́n. Onísìmẹ́ǹtì ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, a ò mọ̀ ni. Àánú Màmá ló ń ṣe wá." Òótọ́ ni. Àánú ni wọ́n fi gé orí ẹja yẹn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn dá a lóhùn." Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Mo lọ sílé, n ò sọ fún ìyá mi. Mo rò pé mo ti tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, n ò tètè lọ sí ilé-ìwé. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dúró dáadáa, kò tíì la ẹnu, tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: "Ẹ káàárọ̀ mà, ilé wà, ọmọ wà, ara le, ọjà ń lọ, ó dàbọ̀ mà!" Èémí kan ṣoṣo ló fi kà á tán. Ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Ìyá mi dúró. Ó ṣì ń retí, torí kò tíì béèrè nǹkan kan. Obìnrin náà ò gbójú sókè mọ́. Ìyá mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ìyẹn náà kà á ní kíákíá, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Onísìmẹ́ǹtì rí i lókèèrè, ó kó sẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì. Ojú ń tì í ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni ìyá mi ṣe máa mọ̀? Kò dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó yí padà ní agbedeméjì ọ̀nà, ó ń tẹ̀pá bọ̀, àpò rẹ̀ pẹlẹbẹ léjìká.

Mo bá a wọlé. Ó jókòó, ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"N ò sọ nǹkan kan, Mámà."

"Má purọ́ fún mi. Níjẹta wọ́n rí mi. Lónìí wọ́n ń fẹ́ kí n kúrò níwájú àwọn."

Èdè wa ni, kò ṣeé fi purọ́ fún ìyá ẹni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò bínú, kò sunkún. Ó kàn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́.

"Orí ẹja yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n fi ṣàánú ni."

"A sì jẹ ẹ́."

"A jẹ ẹ́, Mámà."

Ó wá bi mí ní ohun tí n ò rò pé ó máa bi mí. Ó ní, "Ìwọ, láti ìgbà tí o ti ń gbé ibí, ta ló máa ń béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní kò sí.

"Kò sẹ́nìkan?"

Mo ní kò sẹ́nìkan. Ó wò mí títí, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kékeré tí ibà bá mú mi. "Báwo lo ṣe ń ṣe é?" ló wí. Ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ o. Ẹni bá rí mi lọ́jọ́ yẹn á rò pé ọmọ kékeré ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mámà, ẹ má lọ. Bí ẹ bá lọ, kò sí ẹni tí mo ní níbí." Ó ní ká jọ máa lọ. Mo ní iṣẹ́ mi ńkọ́, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ọ̀nà Ìpè jìn sí Ìkàrẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó fọwọ́ nu ojú mi, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mọ̀lẹ́bí wa kan sọ̀rọ̀ nílé, obìnrin tó ní òun á máa gbé pẹ̀lú Mámà, pé òun ò ní í fi í sílẹ̀ lọ sóko. Ohun tí n bá fi jiyàn náà tán.

Ọmọ ìlú wa kan tó ń wa ọkọ̀ ló wá gbé e. Iṣu wà nínú bùútù, iṣu tuntun, ìyá mi ò gbàgbé. Ó ní kí n pín in bí òun ṣe sọ ọ́. Mo gbé e kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò lè wo ojú mi. "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá o," gbogbo wọn ló sọ ọ́. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sí ẹnu géètì wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjà ò jẹ́ kí àwọn lè wá.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti wà lórí àga iwájú, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ti ro ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Mo fẹ́ sọ pé màá máa wá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, pé kó má rìn nílẹ̀ tútù, pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní, "Mámà."

Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí mi, pé kí n ṣe sùúrù. Ó ń kí awakọ̀ lọ́wọ́. Ó ti béèrè ilé, ó ti béèrè ọmọ, orúnkún bàbá rẹ̀ ló wá ń béèrè báyìí, ọkùnrin náà sì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè wa: orúnkún náà ti ń san, bàbá ti ń lọ sóko, ilá ti so, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti bí obìnrin. Ó ń dáhùn bó ṣe na ọwọ́ kọjá iwájú ìyá mi tó fi pa ilẹ̀kùn dé, ó ń dáhùn bó ṣe ṣáná sí ọkọ̀. Ìyá mi tẹ́tí sí i, gbogbo ara rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́. Mo dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń retí kí wọ́n parí. Ọkọ̀ náà sún, ó bọ́ sójú títì, ó kọrí sí ọ̀nà Àkùngbá, mo sì ń rí ọwọ́ ìyá mi nínú gíláàsì, ó ṣì gbé e sókè, pé kí n dúró ná.